Ojú Ìwé Kan

Ẹ̀búté Mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Òpópónà Tápà:
kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó,
jẹnẹrétọ̀ tí mo so mọ́ òpó kí wọ́n má baà jí i gbé.
Bí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀,
èmi ni gbogbo wọn ń wá bá.
Mo ti tẹ ìlérí fún ènìyàn mọ́kànlá.
Ọ̀kan ní òun yóò kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sí Ìwáyà.
Mo bi í pé, lórí omi ni?
Ó ní kí n ṣáà máa tẹ̀ ẹ́.
Mo tẹ̀ ẹ́. Owó ni mo wá gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ràlíátù Dúrósinmi wọlé,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ẹrẹ̀ títí dé kókósẹ̀,
obìnrin tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jẹ́ mẹ́séńjà ní káńsù,
tó mọ àpótí tí fáìlì ń sùn sí,
tó mọ fáìlì tí kò ní jí mọ́.
Ó yọ ìwé kan tó já nínú ìwé iṣẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.
"Tẹ èyí fún mi. Ogún ẹ̀dà. Èló ni?"

Ojú ìwé kan péré.
Àkọ́kọ́: ọ̀nà ọlọ́dà dé Òkò Baba.
Ó ti fi bírò pa á rẹ́.
Mo ní, Màmá, èyí gan-an ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún.
Ó ní, "Mo ti wo ìwé ìnáwó káńsù ọdún mẹ́fà.
Owó yẹn kò sí níbẹ̀ rí. Ẹnu mi ò lè gbé e."

Èkejì: ìdérí gọ́tà, láti ẹnu ọ̀nà Sẹ̀nábù oníkẹrosíìnì
dé ibi tí ọmọ kan já sí lọ́jọ́ àgbàrá òjò.
Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànléláàádọ́rin.
Kò kọ orúkọ ọmọ náà.
Gbogbo àdúgbò mọ orúkọ ọmọ náà.

Ẹ̀kẹta: nọ́ọ̀sì ọwọ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré,
nítorí ìrọbí kì í wo aago.
Ẹ̀kẹrin: kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá ọjà.
Kó kúrò lápò alága,
kó wá sọ́wọ́ àwọn tí inú ń run.

Ó tán.

Mo ní ṣé kí n fi àwòrán asíá sí i,
kí n kọ "Olùgbàlà Ará Ìlú" gàdàgbà sókè.
Ó wò mí bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú omi mímu.
"Ìgbàlà wo? Gọ́tà ni mo ní n ó dé."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó ka ẹ̀dà rẹ̀ ní ení, èjì, títí dé ogún,
ó san owó pé, kò ní kí n dín in,
ó sì gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ,
bí ẹni ń ka ìṣísẹ̀.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: ti ẹni tó bá sanwó ni mò ń ṣe.
Lẹ́ẹ̀kan rí mo tẹ pósítà méjì tó ń bú ara wọn lóru kan náà,
mo sì sùn fọnfọn.
Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí oorun kọ̀.
Ó gbàgbé ìwé tó fọwọ́ kọ sórí tábìlì mi.
Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan ti ṣe ìṣirò, ó gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá,
tísà sì fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé:
Tún un wò.

Mo yá téèpù lọ́wọ́ Ṣèyídé télọ̀, mo tan iná fóònù,
mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Sẹ̀nábù.
Ajá gbó mi. Ọlọ́dẹ bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi.
Mo ní n ò tíì mọ̀.
Téèpù télọ̀ kò gùn; mò ń ká a, mò ń sún un,
òórùn gọ́tà ń wọ̀ mí nímú,
títí mo fi dé ìdí pákó tí wọ́n fi bo ihò náà láti ọdún yẹn.
Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ́nà mẹ́rìnlá, ó lé kan.

Mo padà sẹ́yìn, mo tún un wò.
Mọ́kànléláàádọ́rin.